Ilé mánọ̀ àtijọ́ ní England: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ apá tó kọ́kọ́ wà àti apá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi àwọn tó ń mú àlejò káàkiri irú ilé báyìí ni pé "ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé tí ẹnìkan kọ́ ní nǹkan bí 1330, tí ẹlòmíì rà ní 1521, tí ìdílé mìíì wá gbénú ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, báwo ló ṣe máa ní ọdún kan ṣoṣo? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa bèèrè ni pé apá wo ló kọ́kọ́ wà, apá wo ni wọ́n fi kún un, àti pé kí ló fà á tí wọ́n fi yí i padà. Tẹ́ ẹ bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ jẹ́ akítẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó lè dáhùn ẹ̀ fúnra yín.

Mánọ̀ tí mò ń wí yìí, ilé ẹni tó ni ilẹ̀ ni, ìyẹn ọlọ́lá tí àwọn tó ń dáko yí i ká ń san ìsákọ́lẹ̀ fún. Ightham Mote ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ jù, torí lójú tèmi ó dáa ju ọ̀pọ̀ ààfin ńláńlá tí gbogbo ayé ń sáré lọ wò lọ, ó sì wà ní Kent níbẹ̀, kò jìnnà sí Sevenoaks, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Peckham, Thamesmead, Dartford tàbí Gravesend lè lọ kẹ́ ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. (Tẹ́ ẹ bá ń bèèrè ọ̀nà, "Áítẹ̀m" ni kẹ́ ẹ pè é.) Yàrà tó kún fún omi ló yí ilé náà ká, yàrá inú ẹ̀ ju 70 lọ, wọ́n sì tò wọ́n yí àgbàlá kan ká bí agboolé tiwa. Charles Henry Robinson, ará Amẹ́ríkà kan, ló rà á ní 1953 nígbà tó ti fẹ́ máa bàjẹ́, ó wá fi í sílẹ̀ fún National Trust, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, ní 1985.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ lọ sórí National Heritage List for England lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ àwọn ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, ti àjọ Historic England ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ tẹ orúkọ ilé tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wò sí i, ẹ máa rí ipele tí wọ́n tò ó sí, Grade I ló ga jù, lẹ́yìn ẹ̀ ló kan Grade II*, kó tó wá kan Grade II tó pọ̀ jù. Grade I ni Ightham Mote, kódà ilé ajá tó wà nínú àgbàlá ẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1890 fún ajá St Bernard kan tó ń jẹ́ Dido, Grade I lòun náà. Àkọsílẹ̀ yẹn máa ń sọ ọdún apá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má tíì kà á dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe to ilé náà nìkan ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ ya pláànù ẹ̀ sórí pépà, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé, torí tẹ́ ẹ bá ti ka ọdún tán, ohun tí wọ́n sọ fún yín nìkan lojú yín á máa rí. Ẹ mú pẹ́ńsù, tọ́ọ̀ṣì, àti awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn tẹ́ ẹ bá ní, torí òkè ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣe pàtàkì wà.

Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ má jẹ́ kí géètì iwájú tàbí ilé ìṣọ́ tàn yín, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé nígbà tó yá ni wọ́n tó kọ́ ìyẹn. Láyé ìgbà yẹn gbọ̀ngàn ni ilé gan-an, ibẹ̀ ni baálé ti ń jẹun pẹ̀lú ará ilé àtàwọn ìránṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ sì ń sùn síbẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú. Láti ilẹ̀ títí dé òrùlé ló ṣófo, kò sí yàrá kankan lórí ẹ̀. Bó ṣe gùn lọ, ó ní apá òkè ní ìpẹ̀kun kan, ó ní apá ìsàlẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì, kì í ṣe pé ọ̀kan wà lórí ìkejì. Apá òkè ni tábìlì ọ̀gá máa ń wà, wọ́n máa ń gbé ilẹ̀ ibẹ̀ sókè díẹ̀, fèrèsé tó tóbi jù máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ilẹ̀kùn tàbí àtẹ̀gùn tó gòkè lọ sí yàrá ọ̀gá, èyí tí wọ́n ń pè ní solar, á sì wà nítòsí ibẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà máa ń wà, ilẹ̀kùn méjì tó dojú kọra wọn, ọ̀nà tóóró kan á gba àárín wọn kọjá, lára ògiri tó kángun síbẹ̀ ẹ máa rí ilẹ̀kùn kékeré méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n ń kó ọtí sí, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n ń kó búrẹ́dì sí, ẹ̀kẹta tó bá wà, ó lọ sí ilé ìdáná.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ apá òkè àti ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn, ẹ ti mọ bí ilé àkọ́kọ́ ṣe rí nìyẹn, gbogbo ohun tí kò bá bá ètò yẹn mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fi kún un ni. Kódà kí wọ́n ti dí àwọn ilẹ̀kùn kékeré yẹn pa láti ìgbà pípẹ́, àmì wọn máa ń wà lára ògiri. Ní Ightham Mote, apá ìlà oòrùn àgbàlá ni gbọ̀ngàn wà, ilé ìṣọ́ tẹ́ ẹ máa gbà wọlé wà ní ìwọ̀ oòrùn, tẹ́ ẹ bá ti yọ sínú àgbàlá báyìí òun lẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ wá ibi tí iná wà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbí torí iná ló yí ilé àwọn òyìnbó padà ju nǹkan mìíì lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ gbọ̀ngàn wọ̀nyí, àárín ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dá iná, èéfín á gòkè, á máa rìn káàkiri lórí igi òrùlé kó tó rí ihò gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn fi ní láti ga, ìdí sì nìyẹn tí kò fi lè sí yàrá lókè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ọ̀kan tí ààrò àárín ilẹ̀ yẹn ṣì wà, ẹ lọ sí Penshurst Place, Kent náà ni, John de Pulteney, olówó tó ṣe méyọ̀ London lẹ́ẹ̀mẹrin, ló kọ́ gbọ̀ngàn ibẹ̀ ní 1341, ààrò ẹ̀ tó ní igun mẹ́jọ ṣì wà lójú kan náà.

Nígbà tó yá ni ṣímínì bíríkì dé, pàápàá láti àwọn ọdún 1500 lọ. Gbàrà tí èéfín ti ń gba inú ògiri jáde, kò sídìí mọ́ tí gbọ̀ngàn fi ní láti ṣófo dé òrùlé, ni ọ̀pọ̀ onílé bá gbé igi dábùú ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ilé alájà méjì, yàrá sí òkè, pálọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ tí wọ́n bá ti ṣe irú ẹ̀ nínú ilé tẹ́ ẹ wà: ẹ wo àwọn fèrèsé gíga, tí ilẹ̀ òkè bá gba àárín fèrèsé kan kọjá, tó fi jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ìdajì wà nínú yàrá òkè, ilẹ̀ yẹn ló dé kẹ́yìn. Ẹ wo òrùlé tí wọ́n bá gbà yín láyè dé ibẹ̀. Tí igi àtijọ́ tó wà lábẹ́ òrùlé bá dúdú nítorí èéfín, tó sì jẹ́ pé yàrá ìsùn ló wà lábẹ́ ẹ̀ báyìí, gbọ̀ngàn ni ibẹ̀ nígbà kan. Ightham Mote ò ṣe tiẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀ ní gíga ẹ̀, inú mi sì dùn sí i gan-an.

Ó kan ìta. Ẹ rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan láìdúró, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá padà wò ó lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ibi tí ògiri méjì ti pàdé. Tó bá jẹ́ ìgbà kan náà ni bíríkìlà kọ́ ògiri méjèèjì, á ki òkúta tibí bọ inú tọ̀hún, wọ́n á wọnú ara wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ti wà kí ìkejì tó dé, wọ́n sábà máa ń kàn kọ́ tuntun tì í ni, ìlà kan gbọọrọ á wá dúró ṣánṣán láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀lé e bí wọ́n bá gbà. Kẹ́ ẹ tó lè mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ wo etí ìlà yẹn lápá méjèèjì: apá tí òkúta etí ẹ̀ tóbi, tí wọ́n gbẹ́ dáadáa tó gún régé, igun ilé nìyẹn tẹ́lẹ̀, òun ni àgbà. Èyí tí òkúta ẹ̀ kàn dúró wúruwùru síbẹ̀ ni wọ́n mú wá lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ilé náà, ẹ máa ṣọ́ ògiri tó bá nípọn ju àwọn yòókù lọ. Ògiri tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàárín yàrá méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògiri ìta rí, tẹ́ ẹ bá tún rí fèrèsé lára ẹ̀ tó jẹ́ pé yàrá mìíì ló ń wò, ẹ má wá ẹ̀rí mìíì.

Fèrèsé máa ń sọ ìgbà, àmọ́ ó tún máa ń purọ́. Èyí tó ní orí ṣóńṣó tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ọnà sí lórí, ọ̀rúndún 14 tàbí nítòsí ibẹ̀ ni. Èyí tó fẹ̀, tí wọ́n fi òpó òkúta tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ pín sí ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí orí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ẹ́ tẹ́, tí gíláàsì ẹ̀ kéékèèké wà nínú òjé, ìyẹn ayé àwọn ọba Tudor, láti 1485 sí 1603. Èyí tí wọ́n ń tì sókè tì sísàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sash, ìparí ọ̀rúndún 17 ló dé. Ibi tó ti ń purọ́ ni pé ó rọrùn láti yọ fèrèsé kí wọ́n fi òmíì sí i, nítorí náà ọjọ́ orí fèrèsé kì í ṣe ọjọ́ orí ògiri, ẹ wo òkúta tó yí i ká bóyá wọ́n da á rú, bóyá ẹ̀fun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ yàtọ̀ sí tàwọn tó jìnnà sí i. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n dí pa, gbogbo èèyàn á ní owó orí fèrèsé ni, tí ìjọba gbà láti 1696 sí 1851. Òótọ́ ni pé àwọn kan dí tiwọn torí owó yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dá owó orí yẹn lẹ́bi jù. Ẹ wọlé lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ ààrò tàbí àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀, òun ló dí i, kì í ṣe owó orí, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé wọn ò ṣí rí, wọ́n kàn yà wọ́n sára ògiri kí iwájú ilé lè dọ́gba lápá méjèèjì.

Bíríkì rọrùn díẹ̀. Ti ayé Tudor tín-ín-rín, nǹkan bí íńṣì méjì ni gíga ẹ̀, kò sì gún dáadáa. Ìlà kan á jẹ́ ẹ̀gbẹ́ gígùn nìkan, ìlà tó tẹ̀ lé e á jẹ́ orí kúkúrú nìkan. Láti ọ̀rúndún 17 lẹ ó ti máa rí èyí tí gígùn àti kúkúrú ń tẹ̀ léra wọn nínú ìlà kan náà. Láàárín 1784 sí 1850 ìjọba gba owó orí lórí bíríkì, iye bíríkì ni wọ́n sì ń kà, làwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíríkì ràgàjì.

Igi ni mo fẹ́ràn jù. Óákù tútù ni àwọn káfíńtà ìgbà yẹn ń lò, láìpẹ́ tí wọ́n bá gé e ni wọ́n ti ń lò ó, ilẹ̀ ni wọ́n ti máa ń to gbogbo ẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó gbé e dúró, nítorí náà wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ kọ nọ́ńbà Róòmù sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ èyí tó bá èyí mu. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má kọjú ẹ̀ sí i tààrà, àwọn nọ́ńbà yẹn á hàn. Tí nọ́ńbà bá ń tò lọ, I, II, III, IIII, tó wá fo ọ̀kan, wọ́n ti yọ igi kan kúrò níbẹ̀. Ihò èèkàn tí kò sí nǹkankan nínú ẹ̀ náà, nǹkan ti dúró níbẹ̀ rí, bóyá ògiri, bóyá àtẹ̀gùn. Ẹ tún wo ojú ayùn: tí ìlà ayùn bá tẹ̀ kọrọdọ, ẹ̀rọ tó ní ayùn róbótó ló là á, ọ̀rúndún 19 nìyẹn tàbí lẹ́yìn ẹ̀. Kìkì pé ẹ ṣọ́ra, torí wọn kì í fi igi ṣòfò, igi ọdún 1400 lè wà nínú ògiri ọdún 1700.

Nígbà míì káfíńtà fúnra ẹ̀ á ti dáhùn. Ní Little Moreton Hall ní Cheshire, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára fèrèsé tó wà nínú àgbàlá pé William Moreton ló ní kí wọ́n ṣe fèrèsé yìí ní 1559, àti pé Richard Dale káfíńtà ló ṣe é nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Ẹ rò ó wò ná, iṣẹ́ ọwọ́ ló ṣe, orúkọ ẹ̀ sì wà lára ilé olówó títí dòní. Níbi tí kò bá sí ìyẹn, àwọn onímọ̀ máa ń yọ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú igi, wọ́n á wọn òrùka inú ẹ̀, bó ṣe fẹ̀ lọ́dún òjò àti bó ṣe fún lọ́dún ọ̀dá, wọ́n á fi wé èyí tí wọ́n ti mọ ọdún ẹ̀, tí òrùka tó kẹ́yìn lábẹ́ èèpo bá ṣì wà, wọ́n lè sọ ọdún tí wọ́n gé e gan-an. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló gbé apá àkọ́kọ́ Ightham Mote sí nǹkan bí 1330.

Ẹ jẹ́ ká wá lo gbogbo ẹ̀ nínú yàrá kan. Ẹ wọ pálọ̀ ńlá Ightham Mote, drawing room tiwọn, kẹ́ ẹ dúró láàárín ẹ̀. Ààrò ńlá tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí jálẹ̀jálẹ̀ yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17 ni, ìdílé Selby tó dé síbẹ̀ ní 1591 ló ṣe é. Fèrèsé ẹ̀ ní ojú mẹ́ta, èyí tó wà láàárín ga ju àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ, orí ẹ̀ sì ká róbótó, ọ̀rúndún 18 nìyẹn, ìgbà tí gbogbo olówó England fẹ́ kí ilé àwọn jọ ti Ítálì. Pépà ara ògiri, ọwọ́ làwọn ará Ṣáínà fi kun ún, òun náà ọ̀rúndún 18 ni. Àwọn Selby kan náà ló wà níbẹ̀ títí di 1889, àwọn ọmọ kàn ń yí ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ padà ni, láìwó ààrò bàbá. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sórí pláànù yín fún yàrá yẹn ni ọdún méjì ó kéré tán, kì í ṣe ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sí ṣápẹ́lì tó wà lókè, kẹ́ ẹ gbójú sókè wo pákó àjà ẹ̀. Ọ̀dà ara ẹ̀ ti ṣá púpọ̀, ẹ ní láti jẹ́ kí ojú yín mọ́ òkùnkùn ibẹ̀ lára, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa rí òdòdó róòsì, ẹ ó rí ilé odi kéékèèké, ẹ ó sì rí èso pómégíránétì. Róòsì jẹ́ àmì ìdílé Tudor. Èso pómégíránétì ni àmì Catherine ti Aragon, olorì àkọ́kọ́ ọba Henry Kẹjọ. Richard Clement, òṣìṣẹ́ ààfin, ló ra ilé yìí ní 1521, ìgbéyàwó Henry àti Catherine sì tú ká ní 1533, ta ló máa kun àmì olorì tí ọba ti kọ̀ sí òrùlé ilé ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ ti mọ ọdún iṣẹ́ yẹn nìyẹn, láàárín 1521 sí 1533, láìbi ẹnikẹ́ni. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí àmì ìdílé lára òkúta, igi tàbí gíláàsì, ọgbọ́n yẹn náà ni kẹ́ ẹ lò: ti ta ni, ìgbà wo ló ní in, ìgbà wo ni ojú ọba kúrò lára ẹ̀.

Ohun tó máa ń da ojú ẹni rú jù ni àwọn ará ayé Ọbabìnrin Victoria, láti 1837 sí 1901. Wọ́n fẹ́ràn àtijọ́ débi pé wọ́n ń ṣe àtijọ́ tuntun. Pákó tó bo ògiri gbọ̀ngàn Ightham Mote, bí ẹni tó ti wà látọdún 1500 ló rí, àwọn ọdún 1870 sì ni akítẹ́ẹ̀tì Norman Shaw ṣe é. Tí nǹkan bá ti dọ́gba jù, tí gbogbo pákó nípọn bákan náà, tí ọnà tọwọ́ ọ̀tún àti tọwọ́ òsì ò fi irun kan yàtọ̀ síra, ẹ fura. Èmi ò ka iṣẹ́ wọn sí irọ́ o, apá kan ìtàn ilé ni, òun náà sì yẹ lẹ́ni tó ń tọ́jú ẹ̀. Àwọn tó tún ilé yẹn ṣe láti 1989 sí 2004, tó ná National Trust ní nǹkan bí £10 mílíọ̀nù, ní láti tú apá púpọ̀ níbẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n tó tún un tò, wọn ò sì sọ iṣẹ́ Victoria nù kí wọ́n lè gba ọdún 1330 padà. Mo fara mọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ jókòó kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù oríṣiríṣi àwọ̀ kun pláànù yín, àwọ̀ kan fún gbọ̀ngàn àtàwọn tó bá a dé, òmíì fún ayé Tudor, òmíì fún 1600 sí 1800, òmíì fún Victoria. Ibi tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo, ẹ bi àwọn àgbà tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa jókòó sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ilé yẹn dénú, inú wọn sì máa ń dùn tí ẹnìkan bá bèèrè nípa ojú ìsopọ̀ igi. Ilé lẹ ó ti wá ka àkọsílẹ̀ Historic England tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́sí. Ibi tí tiyín bá ti yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ wo fọ́tò tẹ́ ẹ yà, kẹ́ ẹ wá ohun tí wọ́n rí tẹ́ ẹ ò rí, tí kò bá sì sí nínú fọ́tò, ẹ padà lọ wo ògiri yẹn. Ẹ yẹ àkókò tí wọ́n ń ṣí wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbéra, torí wọ́n máa ń yí i padà nígbà òtútù.